Ẹ Jẹ́ Ká Mọ̀: Gbèsè àti Iṣẹ́ Àṣírí Ìjọba

Ẹ̀yin ará Pobè àti Sakété, ẹ rántí "quitus fiscal" ìgbà ìbò aṣòfin Benin ọdún 2019: ìwé tó fi hàn pé olùdíje kò jẹ owó orí. Ẹni tí kò rí i gbà kò lè du ipò. Gbèsè tí èèyàn jẹ ìjọba nìyẹn o. Ní Amẹ́ríkà, gbèsè tí èèyàn jẹ báńkì tàbí ilé ìwòsàn náà lè dí ọmọ onílùú lọ́nà iṣẹ́ tó kan àṣírí ìjọba.

Kí wọ́n tó fi àṣírí ìjọba lé ẹnikẹ́ni lọ́wọ́ níbẹ̀, ìbáà jẹ́ ológun, ọ̀nà 13 ni wọ́n ń gbà yẹ̀ ẹ́ wò. Owó wà lára wọn. Fọ́ọ̀mù SF-86, tí ẹni náà gbọ́dọ̀ kọ̀rọ̀ sí, ń béèrè gbèsè tí kò san bó ṣe yẹ láàárín ọdún 7 sẹ́yìn, títí kan èyí tó ti lé ní ọjọ́ 120 láìsan. Ẹ̀rù tó ń bà wọ́n ni pé ẹni tí olówó ń lé kiri lè ta àṣírí. Àwọn àgbà wa mọ ìnira yìí: láyé ológò, ẹni tí wọ́n rán wá sin owó á jókòó sílé ajigbèsè, kò sì ní dìde àfi tí wọ́n bá san án.

Àmọ́ gbèsè nìkan kò tó láti ti ilẹ̀kùn. Bó bá jẹ́ àìsàn, ìkọ̀sílẹ̀ tàbí iṣẹ́ tó bọ́ ló fà á, tí onígbèsè sì ń san án díẹ̀díẹ̀, tó ní ìwé ẹ̀rí lọ́wọ́, wọ́n lè gbà á. Irọ́ ló burú jù. Ẹ jọ̀ọ́, bó bá kàn yín, ẹ má fi gbèsè kankan tí wọ́n béèrè pamọ́ nínú fọ́ọ̀mù náà; wọ́n á ti rí àkọsílẹ̀ owó yín.