Kí Ni Ẹ Dì Sínú Ike Oúnjẹ Ọmọ Yín?

Gbogbo wa ni a mọ ìtàn ọmọdékùnrin tí ó ní ìṣù àkàrà márùn-ún àti ẹja méjì. Ìwàásù pọ̀ lórí iṣẹ́ ìyanu náà, ṣùgbọ́n ìbéèrè kan wà tí a kì í sábà gbọ́ lórí pẹpẹ: ta ni ó di oúnjẹ yẹn fún un? Bíbélì kò dárúkọ ẹnikẹ́ni. Síbẹ̀, ìyá tí ó bá ti jí ní aago márùn-ún ìdájí rí láti di oúnjẹ ọmọ yóò fura pé ọwọ́ ìyá kan wà níbẹ̀.

Ní Ọ̀rányàn níbí, bí ilẹ̀ bá ti mọ́ ní ọjọ́ Ajé, àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ ni ó máa ń kún ọ̀nà tí ó lọ sí Bẹẹrẹ àti Màpó. Àwọn ìyá tí ń lọ tajà ní Ọjà'ba a máa fi ọwọ́ kan tún gèlè ṣe, wọn a fi ọwọ́ kejì wá owó nínú àpò. “Gbà, fi ra nǹkan jẹ nígbà ìsinmi.” Kí ni nǹkan náà? Bisikíìtì ni, súwíìtì ni, omi aládùn aláwọ̀ pupa inú ọ̀rá ni. A kò sọ èyí láti dá ẹnikẹ́ni lẹ́bi. Àwa náà ti ṣe é, a sì ṣe é pẹ́.

Arábìnrin kan ni ó la ojú wa. Lẹ́yìn ìpàdé àdúrà àwọn ìyá ni ó dúró, tí ó ń sunkún. Tíṣà ránṣẹ́ sí i pé ọmọ rẹ̀ obìnrin, ọmọ ọdún mẹ́jọ, kì í pa ojú dé lásán ní kíláàsì mọ́, ó ń sùn ni. Bí ó bá ti di aago mọ́kànlá, orí rẹ̀ ti wà lórí tábìlì. Arábìnrin náà ti gbààwẹ̀ ọjọ́ mẹ́ta. Ó gbà pé ọwọ́ ayé ni. Ìyá àgbà kan láàárín wa wá bi í pé, “Kí ni ó ń jẹ kí ó tó jáde nílé?”

“Tíì àti búrẹ́dì ni, mà.”

“Nígbà ìsinmi ńkọ́?”

“Owó ni mo máa ń fún un, mà.”

Ìyá àgbà mi orí. “Àdúrà dára, ọmọ mi, má fi í sílẹ̀. Mú ọmọ lọ sí ilé-ìwòsàn kí wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò. Bí o bá dé, kí o lọ yan àgbàdo.”

A rẹ́rìn-ín nígbà náà. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ìyá kì í ṣe àwàdà. Ṣúgà nìkan kì í gbé ọmọ jìnnà: ó máa ń yára wọ inú ẹ̀jẹ̀, ó sì máa ń yára lọ, ebi a sì tún dé. Ní ọdún 2015, Àjọ Ìlera Àgbáyé gba gbogbo ayé nímọ̀ràn pé kí agbára tí ènìyàn ń rí láti inú ṣúgà tí a fi kún oúnjẹ, àti oyin pàápàá, má ṣe tó ìdá mẹ́wàá gbogbo agbára tí ó ń rí nínú oúnjẹ òòjọ́. Bí kò bá tó ìdá ogún, ó tún dára jù. Ìgò ẹlẹ́rìndòdò kan ṣoṣo lè ní ju síbí tíì mẹ́fà ṣúgà lọ. Ẹ wá wo ọmọ kékeré tí ó mu ìgò kan, tí ó tún fi súwíìtì lé e.

Ìgbà kan wà tí ọ̀kan nínú wa ra ìpápánu gbọọrọ kan ní ilé-ìtajà ńlá, irú èyí tí wọ́n ń dì sínú bébà tí ń dán, tí àwọn ọmọ olówó ń mú lọ sí ilé-ẹ̀kọ́. Owó rẹ̀ bà wá lẹ́rù. A ka ohun tí wọ́n kọ sí ẹ̀yìn rẹ̀: ọkà, ẹ̀pà, oyin, òróró. Ẹ̀rín pa wá. Àádùn ni! Àádùn tí ó wọ kóòtù ni. Yangan yíyan tí a lọ̀, tí a fi epo pupa àti iyọ̀ pò, ni àwọn ìyá wa ń dì sínú ewé láti ìgbà pípẹ́. Dọ̀ǹkúà tí a ń rà lọ́wọ́ àwọn ará Òkè Ọya náà ńkọ́? Àgbàdo àti ẹ̀pà pẹ̀lú ata àti atalẹ̀ ni.

Kí ẹnikẹ́ni má sì fi ojú ẹ̀gàn wo ẹ̀pà. Ní ọdún 1996, ọmọ ilẹ̀ Faransé méjì, dókítà André Briend àti Michel Lescanne, ṣe oúnjẹ kan fún àwọn ọmọ tí ebi ti sọ di egungun. Wọ́n pè é ní Plumpy'Nut. Ẹ̀pà lílọ̀, mílíkì oníyẹ̀fun, ṣúgà, òróró àti àwọn fítámì ni wọ́n pò pọ̀. Nígbà tí oúnjẹ wọ́n ní ilẹ̀ Niger ní 2005, òun ni wọ́n fi tọ́jú ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọmọ. Ìtọ́jú aláìsàn ni ìyẹn o, kì í ṣe ìpápánu. Ṣùgbọ́n ẹ rí ohun tí wọ́n fi ṣe ìpìlẹ̀ rẹ̀.

Ìbàdàn wa yìí náà ní ìtàn tirẹ̀. Ilé-iṣẹ́ ìwádìí IITA, tí wọ́n dá sílẹ̀ níbí ní 1967, bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 1987 pẹ̀lú àwọn olùwádìí mìíràn láti mú ẹ̀wà sóyà wọ ilé ìdáná wa. Ní ọdún náà, ọjà tí wọ́n ti ń tà á ní Ìbàdàn kò pọ̀ rárá. Wọn kò ní kí a kọ oúnjẹ wa sílẹ̀ fún ti òyìnbó. Wọ́n kọ́ àwọn obìnrin láti fi sóyà sí àkàrà, mọ́ínmọ́ín, ọbẹ̀ àti ògì tí wọ́n ti mọ̀ ọ́n sè. Kí ó tó di ọdún 2000, sóyà ti gba ojú ọjà. Ìdí tí ó fi yẹ kí a bá àgbàdo pò ó ni pé èròjà tí ń mú ara ọmọ dàgbà tó nǹkan bí ìdá méjì nínú márùn-ún ìwọ̀n rẹ̀, nígbà tí ti àgbàdo kò ju nǹkan bí ìdá mẹ́wàá lọ.

Bí a ṣe ń ṣe é nìyí. Agolo mílíkì kékeré ni òṣùwọ̀n wa. Ẹ yan yangan lórí iná jẹ́jẹ́ títí yóò fi pupa, tí òórùn rẹ̀ yóò gba ilé; ẹ lọ̀ ọ́, ẹ sẹ́ ẹ, kí ẹ wọn agolo mẹ́rin. Ẹ yan ẹ̀pà agolo méjì, ẹ bó èèpo rẹ̀, ẹ lọ̀ ọ́ kúnná. Ìyẹ̀fun sóyà agolo kan, epo pupa ìdajì agolo, oyin ìdajì agolo, iyọ̀ díẹ̀, atalẹ̀ lílọ̀ bí ó bá wù yín. Ẹ mú epo gbóná díẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ má jẹ́ kí ó ṣe èéfín, ẹ má sì jẹ́ kí ó funfun, nítorí inú pípọ́n rẹ̀ yẹn ni ohun tí ara ń sọ di fítámì A fún ojú ọmọ wà. Ẹ da ẹ̀pà àti oyin sí i, ẹ rò ó pọ̀, kí ẹ wá máa da ìyẹ̀fun sí i díẹ̀díẹ̀ títí yóò fi ki. Ẹ tẹ́ ẹ sínú abọ́ pẹrẹsẹ, ẹ fi ìdí kọ́ọ̀pù tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ dáadáa, kí ẹ sì fi ọ̀bẹ gé e gbọọrọ gbọọrọ. Nǹkan bí ogún ni a ń rí. Oyin tí ó kan ẹyọ kan kò ju nǹkan bí síbí tíì kan lọ.

Ó rọrùn láti kọ. Àkọ́kọ́ṣe wa kò rí bẹ́ẹ̀. A yan sóyà ní tútù, a lọ̀ ọ́, àwọn ọmọ sì tu ú dànù lójú wa. Wọ́n jàre. Sóyà tí kò jiná ní ohun kan nínú tí kì í jẹ́ kí oúnjẹ dà nínú, yàtọ̀ sí òórùn burúkú rẹ̀. Ní báyìí, inú omi tí ń hó ni a ń dà á sí fún nǹkan bí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, a ó bó èèpo rẹ̀, a ó sá a gbẹ, kí a tó yan án. Lẹ́ẹ̀kejì, ìkánjú mú wa dé e mọ́ inú ike nígbà tí ó ṣì ń gbóná. Ó làágùn nínú ike, ó sì bu ní ọjọ́ kẹta. Ó gbọ́dọ̀ tutù pátápátá kí ẹ tó dé e. Bí ó bá gbẹ dáadáa, ọjọ́ márùn-ún ilé-ẹ̀kọ́ kò ní kó o láyà, bí kò bá jẹ́ pé bàbá wọn rí i lálẹ́.

Lórí ẹ̀pà ni kí ẹ ti ṣọ́ra jù. Ẹ jókòó ṣà á kí ẹ tó yan án. Èyí tí ó bu, tí ó hunjọ, tí àwọ̀ rẹ̀ yí padà tàbí tí ó korò, ẹ dà á nù. Ẹ má ní owó ni ẹ fi rà á. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 1960, ó ju ọ̀kẹ́ márùn-ún tòlótòló tí ó kú nítorí oúnjẹ ẹ̀pà tí ó ti bu, ibẹ̀ ni wọ́n sì ti mọ májèlé tí wọ́n ń pè ní aflatoxin. Ẹ̀dọ̀ ni ó ń bá jà, yíyan kò sì lè pa gbogbo rẹ̀. Ẹ má fún ọmọ tí kò tíì pé ọdún márùn-ún ní ẹ̀pà odidi, kí ó má baà há a lọ́fun. Ọmọ tí kò tíì pé ọdún kan kò gbọ́dọ̀ fẹnu kan oyin rárá. Àwọn ọmọ kan sì wà tí ẹ̀pà kò bá lára mu, tí ó lè dí èémí wọn. Ẹ bi àwọn tíṣà kí ọmọ yín tó máa pín oúnjẹ fún ẹlòmíràn.

Ilé-ìwòsàn sọ pé ẹ̀jẹ̀ ọmọ arábìnrin wa kò tó, wọ́n sì fún un ní oògùn. Ìyá rẹ̀ kò fi oògùn náà jáfara, bẹ́ẹ̀ ni kò fi yíyan àgbàdo jáfara. Láàárín oṣù méjì, tíṣà ní oorun ti dínkù. Èyí tí oògùn ṣe àti èyí tí oúnjẹ ṣe, a kò lè yà wọ́n sọ́tọ̀, a kò sì bá ara wa jiyàn lé e.

Ohun tí ó kù ni ojú tí ń ti ọmọ. Ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, abẹ́ tábìlì ni ó ti ń jẹ ẹ́, nítorí ọmọ kan bi í níwájú gbogbo kíláàsì pé ṣé ibi ìsọmọlórúkọ ni ó ti ń bọ̀ tí ó fi ń jẹ àádùn. Ìyá rẹ̀ kò bá a wí. Ó ra bébà funfun, ó ń fi wé e lẹ́yọ kọ̀ọ̀kan, ó sì jẹ́ kí ọmọ náà fúnra rẹ̀ máa kọ orúkọ rẹ̀ sí i pẹ̀lú bírò aláwọ̀ ewé. Ní ọ̀sẹ̀ kẹta, ọmọ náà dúró lẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná ní àárọ̀ ọjọ́ Ẹtì, ó ní, “Mọ́mì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi méjì sí i lónìí. Ẹni tí ó fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ níjọ́sí ní òun náà fẹ́. Mo ti bi í, mà, ó ní òun máa ń jẹ ẹ̀pà.”