Ẹnjiníà Máṣínì àti Àṣírí Olórí Dúdú

Ẹnjiníà ni gbogbo ìsọ̀ télọ̀ ń pè é, bí kò tilẹ̀ dé ẹnu ọ̀nà yunifásítì rí. Ní Ìbàdàn, ní Òṣogbo, ní Mushin, kò sí àdúgbò aránṣọ tí kò ní tirẹ̀. Ẹlòmíràn ní ìsọ̀ tó kún fún orí máṣínì tí wọ́n ti tú palẹ̀. Ẹlòmíràn ò ní ju báàgì kan lọ, pẹ̀lú sukuduráífà, pláyà, ike epo, àti agolo mílíìkì kan tó kún fún síkúrù tí òun nìkan ló mọ ibi tí wọ́n ti wá. Bó bá ti jókòó ti máṣínì, àwọn ọmọṣẹ́ á dákẹ́ bí ẹni tí babaláwo gbé ọpọ́n kalẹ̀ níwájú wọn. Á yí kẹ̀kẹ́ síwájú, á yí i sẹ́yìn, á dẹtí sí i, á wá mirí. Ibi orí mímì yẹn ni owó ti ń bẹ̀rẹ̀.

Máṣínì tí à ń sọ níbí kì í ṣe oníke pẹ́pẹ́ẹ́pẹ́ tó gbòde báyìí. Olórí dúdú ni: Singer tí ìyá àgbà fi sílẹ̀ lọ, Butterfly tí wọ́n rà fún ọmọ nígbà tó gba fírídọ̀mù, ọlọ́wọ́ àti ẹlẹ́sẹ̀ tí kò bìkítà bóyá iná wà tàbí kò sí. Ọdún 1851 ni Isaac Singer gba ìwé àṣẹ máṣínì rẹ̀ ní Amẹ́ríkà, ilé iṣẹ́ ńlá tí kọ́ńpìnnì náà ní ní Clydebank, ní Scotland, sì ń rọ wọ́n títí tó fi kógbá sílé ní 1980. Lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì, àwọn ará Japan mú ọ̀kan nínú wọn, èyí tí wọ́n ń pè ní Class 15, wọ́n ṣe irú rẹ̀, àwọn ará Ṣáínà náà sì rọ tiwọn. Ìtàn náà gùn, àmọ́ ohun tó kàn wá níbẹ̀ kò pọ̀: abẹ́rẹ́, bọ́bìn àti ilé bọ́bìn irú máṣínì yìí bára wọn mu, ẹnikẹ́ni tí ì báà ṣe é. Èyí ló mú kó rọrùn láti tún un ṣe nínú ilé. Òun náà ló mú kó rọrùn láti jí nǹkan ara rẹ̀ pààrọ̀. A ó débẹ̀.

Ohun tí àwọn èèyàn ń jà sí ni èyí: nínú gbogbo ohun tí télọ̀ ń sanwó rẹ̀ fún ẹnjiníà, èwo ni kò yẹ kó kúrò lọ́wọ́ télọ̀ fúnra rẹ̀? Àwọn ẹnjiníà ní máṣínì kì í fẹ́ ọwọ́ méjì, pé ẹni tó bá tú u láìkọ́ṣẹ́, wàhálà ló ń tú. Àwọn télọ̀ tó ń wo fídíò lórí íntánẹ́ẹ̀tì ní irọ́ ni, pé ìdọ̀tí ni ọkùnrin náà ń gbá, síkúrù kan ló ń yí, ó sì ń gbowó oníṣẹ́ abẹ. Ní tèmi, àwọn télọ̀ sún mọ́ òótọ́ jù, ṣùgbọ́n ẹni tí wọ́n ń dá lẹ́bi kọ́ ló jẹ̀bi jù.

Ẹ jẹ́ ká mú àìsàn tó wọ́pọ̀ jù wò. Télọ̀ ń rán aṣọ lọ, òkè rẹ̀ rí bákan ṣá, ló bá yí i padà: òwú ti ta kókó jọ rẹpẹtẹ lábẹ́. Bọ́bìn ni ọ̀pọ̀ máa ń gbá mú lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, nítorí abẹ́ ni wàhálà ti hàn. Bẹ́ẹ̀, lọ́pọ̀ ìgbà, òwú òkè ló jẹ̀bi. Kò wọ àárín àwo tẹ́ńṣọ̀n méjèèjì tó yẹ kó fún un mọ́ra, kò sí ohun tó dì í mú, abẹ́ wá ń fà á wálẹ̀ bó ṣe wù ú. Ohun tó sì ń fà á kò ju pé wọ́n fi òwú sí máṣínì nígbà tí ẹsẹ̀ tó ń tẹ aṣọ wà nílẹ̀. Bí ẹsẹ̀ yẹn bá wà nílẹ̀, àwo méjèèjì ti pa ẹnu dé, òwú á kàn gun orí wọn ni. Ẹ gbé ẹsẹ̀ náà sókè, ẹ tún òwú fi sí i, ẹ gbé e sílẹ̀, kí ẹ wá fa òwú wò. Bó bá ń le lọ́wọ́, ó ti tán nìyẹn. Àwọn ẹnjiníà kan á fi ìdajì wákàtí ṣe iṣẹ́ ìṣẹ́jú kan yìí. Wọ́n á tú abẹ́, wọ́n á nu ibi tí kò dọ̀tí, wọ́n á bu epo sí i, kí owó tí wọ́n fẹ́ bù lè jọ owó iṣẹ́.

Bí máṣínì bá ń fò, tó ń rán mẹ́ta tó ń fo ọ̀kan, abẹ́rẹ́ ni kí ẹ kọ́kọ́ bi léèrè. Ó lè ti tẹ̀, ẹnu rẹ̀ lè ti kú lórí aṣọ òkè, wọ́n sì lè ti fi í sódì. Orí abẹ́rẹ́ yìí pẹlẹbẹ lápá kan, ara rẹ̀ sì ní poro gígùn lápá kejì. Apá pẹlẹbẹ ló ń kọjú sí ṣọ́tùlù, irin ẹlẹ́nu ṣóńṣó tó ń gbá òwú mú lábẹ́. Apá poro ni òwú ti ń wọlé. Ẹni tó bá yí i sódì, máṣínì rẹ̀ kò ní rán, bó ti wù kó jẹ́ ojúlówó tó. Lẹ́yìn abẹ́rẹ́, ìdọ̀tí ló kàn. Síkúrù méjì péré ló di àwo irin tó wà lábẹ́ abẹ́rẹ́ mú. Ẹ tú u, ẹ ó rí fùlùfúlù òwú tó ti ki mọ́ra láàárín eyín tó ń wọ́ aṣọ, èyí tó mú kí ẹ rò pé ó ti rẹ máṣínì. Búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín tó ti gbó á kó gbogbo rẹ̀.

Ti epo ni ó máa ń bí mi nínú. Òróró ìdáná kì í ṣe epo máṣínì! Bó bá pẹ́, á dì, á lẹ̀, kẹ̀kẹ́ á sì le bí òkúta. Olórí dúdú tó ti sùn nínú yàrá fún ọdún pípẹ́, kẹrosíìnì díẹ̀díẹ̀ ni kí ẹ kán sí gbogbo oríkèé rẹ̀, kí ẹ jẹ́ kó wọ̀ ọ́, kí ẹ wá máa yí kẹ̀kẹ́ náà jẹ́jẹ́ títí á fi rọ̀. Ẹ má fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, nítorí kẹrosíìnì ń fọ irin ni, kì í dáàbò bò ó. Ẹ nù ún, kí ẹ tó wá kán epo máṣínì gidi sí i.

Ọwọ́ ọmọdé ò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà ò wọ kèrègbè: ẹnjiníà náà ní ibi tó ti wúlò, ibẹ̀ sì ni táímìn, ìyẹn bí abẹ́rẹ́ àti ṣọ́tùlù ṣe ń pàdé lásìkò. Nígbà tí abẹ́rẹ́ bá lọ sílẹ̀ pátápátá tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń padà gòkè, òwú rẹ̀ á dẹ̀ díẹ̀, á lọ́ bí òrùka kékeré lápá pẹlẹbẹ. Kó tó gòkè kọjá bíi mìlímítà 2, ẹnu ṣọ́tùlù gbọ́dọ̀ ti dé, kó kọjá lókè ihò abẹ́rẹ́ díẹ̀, kó gbé òrùka náà. Bó bá yá jù tàbí tó pẹ́ jù, kò ní rí nǹkan kan gbé. Ojú tó ti rí i lọ́pọ̀ ìgbà ló lè tún èyí ṣe láìṣe ara máṣínì léṣe. Àwọn tí ẹnjiníà ń fi ṣẹ̀fẹ̀ jù ni àwọn tó tú kẹ̀kẹ́ ọwọ́ ọ̀tún láti nù ún, tí wọ́n wá fi wáṣà inú rẹ̀ padà sódì, tí kẹ̀kẹ́ ò wá jáwọ́ lára abẹ́rẹ́ mọ́ nígbà tí wọ́n bá ń ká bọ́bìn. Ẹnjiníà yóò yí i padà, yóò gbowó rẹ̀, ó sì tọ́ sí i.

Ẹ̀sùn tó le jù ni ti ìpààrọ̀. Télọ̀ á ní òun gbé Singer lọ, Singer náà ló padà wálé, àmọ́ ohùn rẹ̀ ti yàtọ̀: wọ́n ti yọ ṣọ́tùlù àtijọ́, wọ́n ti fi tuntun ọjà sí i. Ó ń ṣẹlẹ̀ lóòótọ́, kò sì sí bí ẹni tí kò mọ inú máṣínì rẹ̀ ṣe lè jiyàn. Àwọn kan ń fi nọ́ḿbà ara Singer yangàn, èyí tó ti ń ní lẹ́tà níwájú láti 1900. Nọ́ḿbà yẹn lè sọ ìgbà tí wọ́n rọ ọ́. Kò lè sọ ohun tó wà nínú rẹ̀ lónìí. Ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo àtijọ́ náà ló sàn. Ṣọ́tùlù tó ti ránṣọ fún ogójì ọdún lè ti jẹ, kí ẹnu rẹ̀ sì ti máa já òwú, ẹnjiníà tó bá pààrọ̀ irú rẹ̀ kò jalè rárá.

Ta ló wá jẹ̀bi jù? Àwọn ọ̀gá télọ̀ ni. Ọmọ á kọ́ṣẹ́ fún ọdún púpọ̀, á gbá ilẹ̀, á lọ aṣọ, á gbé ọmọ ọ̀gá pọ̀n, kò ní rí abẹ́ máṣínì lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ọ̀gá ní kó má bà á jẹ́. Òótọ́ ibẹ̀ ni pé lọ́pọ̀ ìgbà ọ̀gá gan-an ò mọ̀ ọ́n, ẹnikẹ́ni ò kọ́ òun náà. Lọ́jọ́ fírídọ̀mù wọ́n á gbàdúrà sí orí máṣínì, wọ́n á pín jọ̀lọ́ọ̀fù, wọ́n á ya fọ́tò, kò sì sẹ́ni tó máa ní kí ọmọ náà yọ ilé bọ́bìn kó nù ún lójú gbogbo ayé. Inú àìmọ̀ yìí ni ẹnjiníà ti ń jẹun, ṣùgbọ́n òun kọ́ ló dá a sílẹ̀.

Ẹ̀yin ọ̀gá, ẹ kọ́ àwọn ọmọ wọ̀nyí ní òwú, abẹ́rẹ́, ìdọ̀tí àti epo, kó tó di pé ẹ kọ́ wọn ní ìró àti bùbá. Ẹ̀yin tí ẹ bá sì pe ẹnjiníà, ẹ jókòó tì í títí yóò fi parí, kí ẹ gba irin àtijọ́ yín padà lọ́wọ́ rẹ̀ kí ẹ tó sanwó.