Ẹ̀rín Àwọn Panápaná

 Inú ìbínú ni ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ bá yín sọ lónìí ti bẹ̀rẹ̀, ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ jẹ́wọ́ bẹ́ẹ̀. Lásìkò ọyẹ́ tó kọjá, ilé kan jóná ládùúgbò wa. Ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ni, ṣọ́ọ̀bù aṣọ wà nísàlẹ̀, àwọn ayálégbé wà lókè. Kò sẹ́ni tó kú, ṣùgbọ́n ọjà obìnrin tó ni ṣọ́ọ̀bù náà jóná ráúráú. Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ létí títì, ó káwọ́ lérí, ó ń sunkún. Èmi náà wà lára àwọn tó ń pẹ̀tù sí i nínú. Bí mo ṣe gbójú sókè báyìí, mo rí panápaná mẹ́rin lẹ́yìn ọkọ̀ wọn, wọ́n ń rẹ́rìn-ín. Kì í ṣe ẹ̀rín músẹ́ o, ẹ̀rín àríntàkìtì ni. Ọ̀kan tiẹ̀ di ara ọkọ̀ mú kó má baà ṣubú.

Inú bí mi. Mo gbéra, mo lọ bá wọn, mo ní, "Ṣé ẹ ò lójú àánú ni? Ẹ ò rí ẹni tó ń sunkún lọ́hùn-ún ni?" Kí n tó parí ọ̀rọ̀, ọ̀kan nínú wọn ti dọ̀bálẹ̀ sínú ẹrẹ̀. "Ẹ káalẹ́ sà, Prọ́fẹ̀. Ẹ̀yin lẹ kọ́ wa ní ìṣẹ̀dá ọ̀rọ̀." Akẹ́kọ̀ọ́ mi àtijọ́ ni! Ó ní kí n má bínú, kí n yà sí téṣàn àwọn lọ́jọ́ kan, òun á ṣàlàyé. Mo lọ. Ìgbà mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni mo lọ, ohun tí mo bá bọ̀ ni mò ń sọ yìí.

Ẹ rántí ẹ̀kọ́ yẹn, àbí ẹ ti gbàgbé? "Pa iná" la fi ṣẹ̀dá rẹ̀. Ìpajẹ fáwẹ́lì sọ ọ́ di "paná", a wá ṣe àpètúnpè kíkún fún un, ó di "panápaná", orúkọ ẹni tó fi iṣẹ́ náà ṣe iṣẹ́. Ọ̀nà kan náà la fi rí jagunjagun, gbẹ́nàgbẹ́nà, pẹjapẹja àti kólékólé. Nígbà tí mo débẹ̀ lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ọmọ náà ní òun ti ń fi ẹ̀kọ́ mi pa àwọn ẹlẹgbẹ́ òun lẹ́rìn-ín láti ọjọ́ tó pẹ́. Ó ní, "Bàbá, pẹjapẹja pa ẹja, ó jẹ ẹja. Èmi pa iná fún ọdún mọ́kànlá, ebi ló ń pa mí." Ẹnì kejì rẹ̀ gbà á lẹ́nu rẹ̀ pé, "Ìyàwó tèmi nílé ń dá a, èmi níbí ń pa á. Ìgbà wo la máa lówó?"

Ẹ wò ó, ọ̀rọ̀ pọ́nna lásán kọ́ lèyí. "Iná" fúnra rẹ̀ ló kún fún pọ́nna. Iná tó ń jólé ni iná, iná mànàmáná ni iná, iná tó ń bẹ láṣọ tó ń jẹni lára náà ni iná. Mẹ́tẹ̀ẹ̀ta la sì ń "pa". Òwe tó sọ pé bí iná kò bá tán láṣọ, ẹ̀jẹ̀ kì í tán léèékánná, ti kòkòrò yẹn ni. Ó jọ pé òwe náà bá àwọn panápaná mu ju bí ẹni tó kọ́kọ́ pa á ṣe rò lọ.

Ẹni tó ń gbé fóònù níbẹ̀, obìnrin kan tó dákẹ́ jẹ́ẹ́, sọ fún mi pé ìyá àgbàlagbà kan pè ní òru. Ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́, wọ́n ti mú iná wa lọ láti ọjọ́ mẹ́ta, ẹ dákun, ẹ bá wa dá a padà." Ó rò pé NẸ́PÀ lòun ń pè. Obìnrin yìí fèsì pé, "Màmá, ẹ má bínú o, ọ̀dọ̀ tiwa ni wọ́n ti ń pa á. Àwọn tó ń tàn án kọ́ nìyí." Ìyá náà ní, "Háà! Ẹ̀yin lẹ wá ń pa á!" Ló bá bẹ̀rẹ̀ sí í ṣépè.

A rẹ́rìn-ín títí. Ṣùgbọ́n ohun tó sọ tẹ̀ lé e kò pani lẹ́rìn-ín. Ó ní ọ̀pọ̀ àwọn tó ń pè kì í sọ ju "Iná o! Iná o! Ẹ gbà wá!" lọ, wọ́n á sì pa fóònù. Ẹni tó bá tiẹ̀ dúró sọ̀rọ̀, "ẹ̀yìn ilé Ìyá Alákàrà" ni àdírẹ́sì rẹ̀. Ìyá Alákàrà wo? Mẹ́rin ló wà lọ́nà yẹn. Àwọn ọmọdé náà ń pè láti fi wọ́n ṣeré. Lọ́jọ́ tí ọkọ̀ kan ṣoṣo tó wà nílẹ̀ bá ti jáde tìtorí ẹ̀tàn, tí òótọ́ bá pè, kí ni wọ́n á fi lọ? Ẹ jọ̀ọ́, 112 ni nọ́ńbà pàjáwìrì jákèjádò Nàìjíríà. Ní Èkó, 767 náà wà. Ẹ sọ ibi tẹ́ ẹ wà, ẹ dárúkọ bọ́sítọ́ọ̀pù tàbí ṣọ́ọ̀ṣì tàbí mọ́ṣáláṣí tó súnmọ́ ibẹ̀. Ẹ sọ ohun tó ń jó, ẹ sọ bóyá èèyàn wà nínú rẹ̀. Ẹ má pa fóònù kí wọ́n tó ní kẹ́ ẹ pa á.

Ó wá kan yẹ̀yẹ́ tí àwa náà ń fi wọ́n ṣe. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ kàwé lọ́dọ̀ mi, ẹ mọ ara yín: ìwé tí ẹ ò ṣí láti ìbẹ̀rẹ̀ sáà, tó di òru ọjọ́ ìdánwò kẹ́ ẹ tó máa fi omi tútù bọjú kà á, "fáyà bùrígéèdì" lẹ̀ ń pè é. Kì í ṣe ẹ̀yin nìkan, gbogbo Nàìjíríà ló ń sọ bẹ́ẹ̀ fún iṣẹ́ tí wọn ò múra sílẹ̀ fún. Ọ̀rọ̀ yìí ń dun àwọn panápaná, mo sì gbà pé wọ́n jàre. Mo bá wọn níbi tí wọ́n ti ń gba iṣẹ́ lọ́wọ́ ara wọn láàárọ̀. Wọ́n tò, wọ́n dárúkọ, wọ́n wo omi inú táǹkì, wọ́n wo epo, wọ́n na rọ́bà omi sílẹ̀ wò bóyá ó lu, wọ́n dán ẹ̀rọ tó ń ti omi jáde wò. Ṣòkòtò iṣẹ́ wọn kì í kúrò lórí bàtà. Wọ́n ká a sílẹ̀ sórí bàtà nílẹ̀ẹ́lẹ̀ kó jẹ́ pé bí aago bá dún, wọ́n á kàn ki ẹsẹ̀ bọ̀ ọ́, wọ́n á fà á sókè. Ìdúró de ohun tí kò tíì ṣẹlẹ̀ ló kún iṣẹ́ wọn. Bí akẹ́kọ̀ọ́ bá ka ìwé bí àwọn yìí ṣe ń tọ́jú rọ́bà omi, kò sẹ́ni tó máa gba òdo.

Orúkọ "bùrígéèdì" yẹn ti pẹ́. Lábẹ́ àwọn ọlọ́pàá ni iṣẹ́ panápaná ti bẹ̀rẹ̀ ní Èkó ní ọdún 1901. Ọdún 1972 ni ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó dá tirẹ̀ sílẹ̀.

Yẹ̀yẹ́ kejì ló burú jù: "Panápaná tí kò gbé omi wá." Mo ti sọ ọ́ rí, ẹ̀yin náà ti sọ ọ́. Ẹ jẹ́ ká ṣírò. Ká ní ọkọ̀ kan gbé 10,000 lítà omi. Bí wọ́n bá ń tú 1,000 lítà jáde láàárín ìṣẹ́jú kan, ìṣẹ́jú 10 péré ni omi náà tó. Bí ilé tó ń jó bá tóbi, tí kò sí páìpù omi ìjọba tó ṣiṣẹ́ létí títì níbẹ̀, ọkọ̀ náà gbọ́dọ̀ lọ pọn omi padà. Lójú ẹni tí ilé rẹ̀ ń jó, wọ́n dé, wọ́n wọ́n omi díẹ̀, wọ́n sá lọ. Omi 10,000 lítà yẹn tún wúwo tó tọ́ọ̀nù 10, ẹni tó ń wa ọkọ̀ náà kò lè sáré bíi ti ọlọ́kadà nínú gó-síló. Wọ́n ti fọ́ gíláàsì ọkọ̀ àwọn ọmọ yìí rí lójú iná, wọ́n ti sọ wọ́n lókùúta. Ọ̀kan fi àpá hàn mí níwájú orí. Ó ní, "Bàbá, iná ò fi àmì kankan sí mi lára. Àwọn tí mo wá ràn lọ́wọ́ ló fi èyí sí mi." Ó ń rẹ́rìn-ín bó ṣe ń sọ ọ́.

Èmi náà kò mọ́. Mo wà lára àwọn tó dúró wòran nígbà tí ilé Kòkó jóná n'Íbàdàn ní oṣù kìíní ọdún 1985, ilé alájà 26. Gbogbo àwa tá a wà nísàlẹ̀ la mọ bó ṣe yẹ kí wọ́n pa á. Àlàyé pọ̀ lẹ́nu wa. Kò sẹ́nì kankan nínú wa tó mọ bí wọ́n ṣe ń gbé omi dé òkè bẹ́ẹ̀.

Mo ní kí wọ́n kọ́ mi ní ohun tí iná jẹ́. Ọmọ náà ní ààrò mẹ́ta ni iná gùn lé: ooru, afẹ́fẹ́, àti ohun tó ń jó. Yọ ọ̀kan, ọbẹ̀ dànù, iná kú. Omi ń mú ooru kúrò. Ìdérí ìkòkò ń dínà afẹ́fẹ́. Bí ẹ bá yí orí sílíńdà gáàsì pa, ẹ ti mú ohun tó ń jó kúrò nìyẹn. Ìdí nìyí tí a kì í fi í da omi sínú epo gbígbóná tó gbiná. Omi á rì sísàlẹ̀ epo, á di oruku gbígbóná lójú ẹsẹ̀, á sì ju epo tó ń jó sókè sí ojú ẹni tó dà á. Ẹ pa sítóòfù, ẹ rọra fi ìdérí bò ó láti ẹ̀gbẹ́, ẹ fi sílẹ̀ títí yóò fi tutù. Bẹ́ǹtíróòlù náà fúyẹ́ ju omi lọ. Bí ẹ bá da omi sí i, yóò léfòó, yóò máa bá omi ṣàn lọ sínú gọ́tà àdúgbò tòun tiná. Ìfóófòó ni wọ́n ń fi bo iyẹn. Bí ẹ bá rí wọn níbi táńkà tó dànù, tí wọ́n ń tú ohun tó jọ ìfóófòó ọṣẹ jáde, wọn kò fọṣọ o.

Kì í ṣe iná nìkan ni wọ́n ń lọ bá. Ọmọdé á já sí kànga, ewúrẹ́ náà á já sí i. Ní ọdún kan, ó ku ọ̀la kí wọ́n pa Iléyá, àgbò Alhájì kan já sínú kànga. Wọ́n fi okùn sọ ẹnì kan kalẹ̀, ó bá àgbò jà nínú omi, wọ́n fà á yọ láàyè. Alhájì fẹ́rẹ̀ẹ́ sunkún ayọ̀, ó ṣàdúrà fún wọn títí. Lọ́jọ́ kejì, ó fi ọmọ rẹ̀ rán abọ́ ẹran ńlá sí wọn. Wọ́n ṣí abọ́, gbogbo wọn dákẹ́. Wọ́n ń wo ẹran, ẹran ń wo wọ́n. Ẹni tó wọ inú kànga lọ́jọ́ yẹn ló kọ́kọ́ lahùn: "Ẹni tá a gbà là nìyí o." Wọ́n jẹ ẹ́ ṣá. Ó ní ó dùn, ṣùgbọ́n òun ń rí ojú ẹ̀.

Nígbà tí mo lọ lẹ́ẹ̀kẹta ni mo tó bi wọ́n nípa ẹ̀rín ọjọ́ yẹn. Ọmọ náà wo àwọn yòókù kó tó dá mi lóhùn. Ó ní nínú àwọn mẹ́rin tí mo rí, ọ̀kan kéré, kò tíì pé ọdún kan lẹ́nu iṣẹ́. Ọ̀sẹ̀ kan ṣáájú iná àdúgbò wa, ó wọ yàrá kan, ó gbé ọmọdé kan jáde, ṣùgbọ́n èéfín ti pa á kí wọ́n tó dé. Láti ọjọ́ náà, kò bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀. Ó ń wá síṣẹ́, ó ń ṣe ohun tí wọ́n bá ní kó ṣe, kò jẹun pẹ̀lú wọn.

Lálẹ́ ọjọ́ tiwa, ẹnì kan pariwo pé ìyá kan ṣì wà lókè. Ọmọdékùnrin yìí kò dúró gbọ́ àṣẹ, ó sáré gòkè. Nínú èéfín kì í ṣe ojú ni wọ́n fi ń ríran, ọwọ́ ni. Ó fọwọ́ kan nǹkan tó wúwo, tó rọ̀, lórí bẹ́ẹ̀dì. Ó gbé e kọ́ èjìká, ó ń bá a sọ̀rọ̀ bó ṣe ń sọ̀ kalẹ̀ pé, "Màmá, ẹ fara dà á, a ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dé, ẹ má sùn o, Màmá." Ó tẹ́ ẹ sílẹ̀ jẹ́jẹ́ lẹ́yìn ọkọ̀. Wọ́n tan tọ́ọ̀ṣì sí i. Àpò gààrí ni. Ìyá tí wọ́n ní ó wà lókè ti ń dúró nítòsí wọn láti ìgbà yẹn, ó ní, "Ọmọ mi, o ṣeun, gààrí Ìjẹ̀bú ni."

Ọmọ náà wo gààrí, ó wo ìyá náà, ó bú sẹ́rìn-ín. Ìgbà àkọ́kọ́ láti ọ̀sẹ̀ kan nìyẹn tí wọ́n gbóhùn rẹ̀. Ni àwọn mẹ́ta tó kù bá bá a rín in. Ọmọ mi ní, "Bàbá, a mọ̀ pé ó lòdì. Òfin wa ni pé a kì í rẹ́rìn-ín lójú onílé. Ẹ̀yìn ọkọ̀ la wà, a rò pé kò sẹ́ni tó rí wa. Ṣùgbọ́n tá a bá ní kó dákẹ́, a ò mọ̀ bóyá ó tún máa sọ̀rọ̀ mọ́." Àwọn baba wa máa ń ní bí ọ̀rọ̀ bá ju ẹkún lọ, ẹ̀rín là á fi í rín. Mo ti fi òwe yẹn kọ́ni fún ọgbọ̀n ọdún. Mo tọrọ àforíjì.

Ọmọdékùnrin náà wà níbẹ̀ lọ́jọ́ yẹn. Ó ń ro ọbẹ̀ ilá lórí sítóòfù kékeré lẹ́yìn téṣàn, àwọn yòókù sì ń pè é ní Bàbá Onígààrí. Bí mo ṣe ń múra láti béèrè orúkọ rẹ̀ gan-an, aago dún. Mi ò tíì rí àgbàlagbà ọkùnrin tó yára tó bẹ́ẹ̀ rí. Ẹsẹ̀ wọ bàtà, ṣòkòtò gòkè, ọkọ̀ ti ń jáde lẹ́nu géètì. Ni ọmọdékùnrin yẹn bá yọrí jáde lójú wíńdò, ó ń pariwo pé, "Prọ́fẹ̀! Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ bá wa pa iná!"

Mo sáré wọlé lọ pa á.