Ẹni tí rọ́kẹ́ẹ̀tì rẹ̀ já kò bínú, ẹni tí wọ́n ta ìlérí fún ló ń pariwo!

Ẹ̀yin òǹkàwé wa, ọ̀rọ̀ eré la gbé wá lọ́sẹ̀ yìí. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe yínmú pé eré ọmọdé ni o. Eré tá à ń wí yìí, àgbà onírùngbọ̀n ń tìtorí ẹ̀ pàdánù oorun. Àwọn tó ń fi rọ́kẹ́ẹ̀tì gidi jẹun ní NASA, ilé-iṣẹ́ òfurufú ilẹ̀ Amẹ́ríkà, wà lára àwọn tó ń ṣe é. Owó wà nínú ẹ̀, ìjà sì wà nínú ẹ̀.

Kerbal Space Program lorúkọ rẹ̀. Orí kọ̀ǹpútà ni wọ́n ti ń ṣe é. Kò sí pé à ń yìnbọn, kò sí pé à ń lé ẹnì kan pa. Wọ́n á kó táǹkì epo, ẹ́ńjìnnì, ìyẹ́ àti páráṣúùtì síwájú yín, wọ́n á ní ó yá, ẹ to rọ́kẹ́ẹ̀tì tiyín. Àwọn èèyàn kékeré aláwọ̀ ewé kan tí wọ́n ń pè ní Kerbal ni yóò wọ inú rẹ̀. Tẹ́ ẹ bá tò ó dáadáa, wọ́n á dé òṣùpá. Tẹ́ ẹ bá tò ó ṣákálá, ó di gbàmù! Èéfín ló kù.

IBI TÍ Ọ̀RỌ̀ TI BẸ̀RẸ̀

Ọmọ Brazil kan, Felipe Falanghe, ló ronú eré náà. Nígbà tó wà lọ́mọdékùnrin, òun àtàwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ a máa ṣe ọmọlangidi kéékèèké, wọ́n á so wọ́n mọ́ bàńgà bí irú èyí táwọn ọmọ wa ń yìn lọ́dún Kérésì, wọ́n á sì ṣáná sí i. Kerbal ni wọ́n sọ àwọn ọmọlangidi ọ̀hún. Nígbà tó dàgbà, ó ń ṣiṣẹ́ ní Squad, ilé-iṣẹ́ kan ní Mexico City tó jẹ́ pé ìpolówó ọjà ni wọ́n ń bá àwọn oníbàárà ṣe. Ibẹ̀ ló ti ṣe eré náà.

Oṣù kẹfà ọdún 2011 ni wọ́n kọ́kọ́ gbé e síta, kò tíì gún rárá, wọn ò sì gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Wọ́n ń tún un ṣe díẹ̀díẹ̀, àwọn tó ń ṣe eré náà ń tọ́ka sí ibi tó kù sí, títí wọ́n fi kéde lọ́jọ́ 27 oṣù kẹrin ọdún 2015 pé ó ti di odindi.

Ó Ń JÁ BỌ̀, ILẸ̀ Ń SÁ FÚN UN

Kí ló wá dé táwọn èèyàn fi ń gbé e gẹ̀gẹ̀? Ẹ gbọ́ ohun tí wọ́n ń sọ.

Wọ́n ní òfin físíìsì tó wà nínú eré náà kì í ṣojúsàájú. Ọ̀pọ̀ èèyàn ló rò pé tí rọ́kẹ́ẹ̀tì bá ti lọ sókè tààrà tó kúrò nínú afẹ́fẹ́, ó ti bọ́, kò tún ní wálẹ̀ mọ́. Irọ́ gbáà ni! Nínú eré yìí, orí ayé kan tó ń jẹ́ Kerbin ni wọ́n ti ń gbéra. Afẹ́fẹ́ ibẹ̀ parí ní kìlómítà 70 sókè. Tẹ́ ẹ bá lọ tààrà dé ibẹ̀ tí epo yín sì tán, ẹ ó padà wálẹ̀ bí òkúta.

Ohun tẹ́ ẹ gbọ́dọ̀ ṣe ni pé kẹ́ ẹ dẹ rọ́kẹ́ẹ̀tì sẹ́gbẹ̀ẹ́, kó máa sáré lọ sí ẹ̀gbẹ́, títí eré rẹ̀ fi tó bíi mítà 2,200 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Nígbà yẹn, ó ṣì ń já bọ̀ o. Ṣùgbọ́n ilẹ̀ rí roboto, bó ṣe ń já bọ̀ náà ni ilẹ̀ ń tẹ̀ sá fún un. Kò ní balẹ̀ mọ́, yíyípo ni yóò máa yípo. Bí òṣùpá tiwa yìí ṣe dúró lókè nìyẹn, bí sátẹ́láìtì ṣe dúró nìyẹn. Ti ayé tiwa ló wá le jù, nítorí eré tí èèyàn gbọ́dọ̀ sá níbí sún mọ́ mítà 7,800 ní ìṣẹ́jú àáyá kan.

Èkejì tún wà tó ń ya àwọn èèyàn lẹ́nu. Ká ní ọkọ̀ méjì ń yípo lójú ọ̀nà kan náà, ọ̀kan wà níwájú, ẹ sì fẹ́ lé e bá. Ẹni tó bá ń wa mọ́tò l'Ékòó yóò ní kẹ́ ẹ tẹ iná mọ́ ọn. Ẹ tẹ iná mọ́ ọn, ẹ máa rí i pé ẹ̀ ń jìnnà sí i ni! Ìdí ni pé iná tẹ́ ẹ tẹ̀ yóò gbé yín lọ sókè, ọ̀nà yín yóò wá gùn sí i. Búrèkì lẹ máa tẹ̀. Ẹ ó sún wálẹ̀ díẹ̀, ọ̀nà yín yóò kúrú, ẹ ó sì lé e bá. Kì í ṣe ọmọ inú eré nìkan ni ọ̀rọ̀ yìí tàn jẹ o. Lóṣù kẹfà ọdún 1965, James McDivitt tó wa ọkọ̀ Gemini 4 fẹ́ sún mọ́ àjákù rọ́kẹ́ẹ̀tì tó gbé wọn lọ, ó ń dojú ọkọ̀ kọ ọ́, ó ń tẹ iná. Kò bá a, epo sì ń lọ.

Randall Munroe, ayàwòrán apanilẹ́rìn-ín tó kàwé físíìsì tó sì ti ṣiṣẹ́ fún NASA rí, fi èyí ṣe yẹ̀yẹ́ ara rẹ̀ nínú àwòrán kan lọ́dún 2014. Ohun tó yà fi hàn pé ìwé tó kà àti iṣẹ́ tó ṣe kò jẹ́ kó mọ̀ nípa ìyípo ojú òfurufú tó bí ìgbà tó bẹ̀rẹ̀ eré Kerbal.

ÌṢUBÚ NI ILÉ-Ẹ̀KỌ́

Àwọn àgbà wa ní bí ọmọdé bá ṣubú, a wo iwájú. Bí àgbà bá ṣubú, a wo ẹ̀yìn. Nínú eré yìí, gbogbo wọn ló di àgbà tipátipá. Tí rọ́kẹ́ẹ̀tì bá já, ẹ ó wò ó pé kí ló fà á. Ṣé ẹ́ńjìnnì ló kéré ni? Ṣé orí ló wúwo jù? Àbí páráṣúùtì lẹ gbàgbé? Ẹ ó tún un tò, ẹ ó tún gbéra.

Ìtàn kan wà tó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé gbogbo ẹni tó ń ṣe é ló ní in. Wọ́n á gbé Jebediah, awakọ̀ tó lókìkí jù nínú àwọn Kerbal, lọ sórí òṣùpá tí wọ́n ń pè ní Mun. Yóò gúnlẹ̀ láyọ̀, àfi bí wọ́n ṣe wo táǹkì tí kò sí epo tí yóò gbé e padà sílé! Wọ́n á tún to rọ́kẹ́ẹ̀tì mìíràn láti lọ gbé e. Ìyẹn náà á lọ forí sọlẹ̀. Èèyàn méjì ló wá há sọ́hùn-ún báyìí. Àwọn kan á fi odindi ọ̀sẹ̀ ṣe ìrìn àjò ìdáǹdè yìí, ọjọ́ tí Jebediah bá sì padà délé, ayọ̀ wọn a máa ju ti ẹni tó jẹ tẹ́tẹ́ lọ.

Ẹ ò rí nǹkan? Ẹni tí rọ́kẹ́ẹ̀tì rẹ̀ já nígbà ogún kò bú ẹnikẹ́ni. Ó mọ̀ pé òun lòun tò ó bẹ́ẹ̀.

ÀWỌN TÓ Ń KÙN

Ẹ má rò pé ìyìn nìkan ni o. Àwọn kan ní eré náà le jù fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé. Wọ́n ní kì í kọ́ èèyàn tó, ẹ̀yìn ìgbà téèyàn bá wo bí àwọn mìíràn ṣe ń ṣe é ló tó máa ń yé e.

Àwọn tó mọ físíìsì dáadáa tún ní tiwọn. Wọ́n ní láti àárín Kerbin dé ojú ilẹ̀ rẹ̀ kò ju kìlómítà 600 lọ, nígbà tí ti ayé wa jẹ́ nǹkan bí 6,371. Síbẹ̀, agbára tí ilẹ̀ méjèèjì fi ń fa nǹkan mọ́ra dọ́gba. Ilẹ̀ tó kéré bẹ́ẹ̀ kò lè ní agbára bẹ́ẹ̀ láéláé, àfi tó bá wúwo ju irin lọ fíìfíì. Wọ́n tún ní nínú eré náà, ẹyọ kan ṣoṣo ló ń fa ọkọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, yálà Kerbin tàbí òṣùpá; bẹ́ẹ̀, lójú òfurufú gidi, gbogbo wọn ló ń fà á pọ̀.

Ìdáhùn àwọn tó fẹ́ràn rẹ̀ ni pé wọ́n dín in kù kí èèyàn má baà jókòó ti kọ̀ǹpútà lásán ni. Ẹni tó bá fẹ́ kó le, àwọn tó ń ṣeré náà ti fọwọ́ ara wọn ṣe àfikún tó sọ Kerbin di ayé wa, ọ̀fẹ́ sì ni.

Èyí tí gbogbo wọn jọ ń kùn sí ni iwin kan tí wọ́n sọ ní Kraken. Ọkọ̀ á wà jẹ́jẹ́ lójú òfurufú, á ṣàdédé bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n, á fọ́ yángá. Kì í ṣe iwin o. Ìṣirò kọ̀ǹpútà ló ń yẹ̀. Ṣùgbọ́n lójú wọn, àṣìṣe ni, kì í ṣe ẹ̀tàn.

ÌJÀ DÉ!

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti wá bẹ́yìn yọ rèé. Lọ́dún 2017, ilé-iṣẹ́ ńlá Amẹ́ríkà kan, Take-Two, ra eré náà. Lóṣù kẹjọ ọdún 2019, wọ́n kéde èkejì rẹ̀, Kerbal Space Program 2, pé yóò jáde lọ́dún 2020. Wọ́n ní èèyàn yóò lè kọ́ ìlú sórí ayé mìíràn, yóò lè rìn dé ọ̀dọ̀ àwọn ìràwọ̀, òun àtàwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ yóò sì lè jọ máa ṣe é. Inú àwọn èèyàn dùn dé góńgó.

Ọdún 2020 kọjá. Ọdún 2021 kọjá. Ọdún 2022 náà tún lọ. Ọjọ́ 24 oṣù kejì ọdún 2023 ló tó jáde, wọ́n sì sọ pé kò tíì parí, káwọn èèyàn kọ́kọ́ máa lò ó bẹ́ẹ̀. Ẹ gbọ́ iye tí wọ́n tà á: àádọ́ta dọ́là dín sẹ́ǹtì kan! Kò sí ìlú nínú ẹ̀, kò sí ìràwọ̀, kò sí ọ̀rọ̀ ká jọ ṣe é. Rọ́kẹ́ẹ̀tì ń mì lẹ̀jẹ̀lẹ̀jẹ̀ bí ìdì ọ̀pá ẹ̀gẹ́ tí wọn ò so dáadáa. Kọ̀ǹpútà olówó gọbọi ló sì ń bèèrè, síbẹ̀ ó ń wọ́ bí ìgbín.

Àwọn èèyàn wá pín sí ọ̀nà méjì. Apá kan ní ẹ ṣe sùúrù fún wọn, ṣebí èyí àkọ́kọ́ náà kò gún nígbà tó jáde lọ́dún 2011? Lóòótọ́, wọ́n ṣàtúnṣe, lóṣù kejìlá ọdún 2023 wọ́n ṣàfikún tó dùn mọ́ ọ̀pọ̀ nínú. Apá kejì fèsì pé ọ̀fẹ́ ni ti 2011 bẹ̀rẹ̀, ẹnikẹ́ni ò sì ṣèlérí ìràwọ̀ fún wọn nígbà náà.

Ọdún 2024 ló parí àríyànjiyàn. Take-Two kéde pé àwọn yóò ti ọ́fíìsì tí wọ́n ti ń ṣe é ní Seattle pa. Èèyàn 70 ni ọ̀rọ̀ náà kàn. Láti oṣù kẹfà ọdún yẹn, kò sí àtúnṣe mọ́. Nígbà tó di oṣù kọkànlá, wọ́n ní àwọn ti ta ẹ̀ka tó ni ín. Ìlú kò dé, ìràwọ̀ kò dé, owó kò sì padà sápò ẹni tó ra á. Ilé tí a fi itọ́ mọ, ìrì ló wó o. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ló padà sídìí ti àkọ́kọ́, tó jẹ́ pé ọdún 2021 ni wọ́n ti ṣe àfikún ńlá ìkẹyìn sí i. Lọ́dún 2024 kan náà, RocketWerkz ti New Zealand sọ pé àwọn ń ṣe irú rẹ̀ mìíràn, Falanghe fúnra rẹ̀ sì wà lára àwọn tó ń bá wọn ṣe é.

KÍ LÓ KÀN WÁ NÍBẸ̀?

Ó kàn wá dáadáa. Lọ́dún 2017, sátẹ́láìtì kékeré kan tó ń jẹ́ Nigeria EduSat-1 gòkè lọ. Yunifásítì ìmọ̀ ẹ̀rọ tó wà l'Ákùúrẹ́, FUTA, lọ́wọ́ sí i, Japan sì ni wọ́n ti tò ó. Àpótí tó fẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà 10 péré ni, ó ń yí ayé po láàárín nǹkan bíi wákàtí kan àtààbọ̀. Òfin kan náà tó gbé Jebediah ró ló gbé àpótí ọ̀hún ró, òun náà ló sì dá a padà wá jóná sínú afẹ́fẹ́ lọ́dún 2019. Ọmọ Akúrẹ́ tàbí ọmọ Ifẹ̀ tó bá fi eré mọ òfin yẹn lónìí, ta ló mọ ohun tí yóò tò lọ́la?

Nítorí náà, ẹ̀yin òbí, kẹ́ ẹ tó gba kọ̀ǹpútà lọ́wọ́ ọmọ, ẹ bi í pé kí ló ń fọ́, kí ló sì kọ́ níbẹ̀. Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹ jẹ́ kí rọ́kẹ́ẹ̀tì yín já bó ṣe wù ú, ìyẹn ò burú. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ní òun ń ta ìràwọ̀ fún yín, ẹ ní kó kọ́kọ́ fi hàn yín kẹ́ ẹ tó tú àpò. Ohun tó wà lórí igbá lọjà, ohun tó wà lẹ́nu kì í ṣe ọjà.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti ṣe eré yìí, ta ló há yín sórí òṣùpá, báwo lẹ sì ṣe gbé e wálé? Ẹ kọ lẹ́tà sí wa, a ó gbé èyí tó bá dùn jù síta.