Ògiri Tó Ń Gba Oòrùn Pamọ́

Ẹni tó bá gbé ilé alámọ̀ rí yóò ti mọ èyí. Lásìkò ọyẹ́, bí atẹ́gùn tútù bá bẹ̀rẹ̀ sí í fẹ́ nírọ̀lẹ́, àwọn àgbà a gbé àpótí sídìí ògiri tó kọjú sí ìwọ̀-oòrùn, wọn a fẹ̀yìn tì í. Ògiri náà ti ń yá oòrùn láti ọ̀sán. Amọ̀ nípọn, kì í tètè gbóná, kì í sì í tètè tutù. Ohun tó gbà lọ́sàn-án, díẹ̀díẹ̀ ni yóò máa dá a padà títí ilẹ̀ yóò fi ṣú.

Ìmọ̀ yìí gan-an ni wọ́n fi kọ́ ilé-ẹ̀kọ́ kan ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lọ́dún 1961: St George's, ní Wallasey, ìlú tí odò Mersey là láàárín òun àti Liverpool. Òtútù ibẹ̀ kì í ṣe ẹgbẹ́ ọyẹ́ wa. Lóṣù Kejìlá, aago mẹ́jọ àárọ̀ á ti kọjá kí oòrùn tó yọ, bí aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ ló sì máa ń wọ̀. Bí wọn ò bá mú kíláàsì gbóná, ọmọ kò lè di bírò mú.

Emslie Morgan ló ya àwòrán ilé náà. Ó fi dígí ṣe ògiri gúúsù láti òkè délẹ̀, ìpele méjì, pẹ̀lú àlàfo bí ẹsẹ̀ bàtà méjì láàárín wọn. Gúúsù ló yàn nítorí pé nígbà òtútù, oòrùn wọn kì í gòkè dé àtàrí bíi tiwa. Ìsàlẹ̀ ojú ọ̀run níhà gúúsù ló ń gbà kọjá, ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ sì ń wọ inú dígí tààrà. Kọnkéré tó nípọn nínú ilé ló ń gba ooru náà pamọ́, iṣẹ́ tí amọ̀ ń ṣe fún wa. Àmọ́ Morgan fi nǹkan kan kún un tí àwọn baba wa kò ní: ó fi fóòmù líle bo ẹ̀yìn kọnkéré náà níta, kí ooru má baà gba ibẹ̀ sá lọ.

Oòrùn nìkan kọ́ ló ṣiṣẹ́ níbẹ̀ o. Ẹni tó jókòó jẹ́ẹ́ ń tú ooru tó tó ti gílóòbù oní-100 wáàtì síta. Ti ọmọdé dín díẹ̀. Ooru ara àwọn ọmọ àti ti àwọn gílóòbù tí wọ́n ń tàn wà lára ohun tó gbé ilé náà ró. Èyí ni mi ò ṣe lè fi gbogbo ògo fún oòrùn: owó iná ni wọ́n fi ń tan gílóòbù. Wọ́n sì ní láti ti fèrèsé pa kí ooru má baà lọ, bẹ́ẹ̀ afẹ́fẹ́ tuntun tọ́ sí akẹ́kọ̀ọ́.

Kí ló kan àwa tí ooru ń lé kiri? Ìmọ̀ kan náà ni, a kàn yí ojú rẹ̀ padà ni. Ní Gando, ní Burkina Faso, Francis Kéré, ayàwòrán ilé tó gba ẹ̀bùn Pritzker lọ́dún 2022, kọ́ ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan sí abúlé tí wọ́n ti bí i; 2001 ni wọ́n parí rẹ̀. Amọ̀ tí wọ́n fi sìmẹ́ńtì díẹ̀ pò ni ògiri rẹ̀. Ó gbé páànù sókè réré kúrò lórí àjà, atẹ́gùn ń gba àárín wọn kọjá, ooru inú kíláàsì sì ń gba ihò ara àjà jáde. Kò gbára lé fáànù.

Ó ń dùn mí bí mo ṣe ń rí kíláàsì wa tí páànù ń jó lórí àwọn ọmọ láìsí àjà, tí wọ́n wá ń wá owó sólà láti fi yí fáànù. Mo fẹ́ sólà fún gbogbo ilé-ẹ̀kọ́. Ó tiẹ̀ bá wọn mu ju ilé wa lọ, torí ìgbà tí oòrùn ń ràn ni wọ́n ń kẹ́kọ̀ọ́. Wọn kò nílò bátìrì púpọ̀. Ṣùgbọ́n fáànù òkè kan ń jẹ bí 75 wáàtì. Kíláàsì 10, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ní fáànù 4, á jẹ 3,000 wáàtì, kí a tó tan iná kankan. Ẹgbẹ́ òbí àti olùkọ́ tó bá rí owó sólà, káfíńtà ni kí wọ́n kọ́kọ́ pè, kó gbé páànù sókè, kó kan àjà, kó fẹ fèrèsé. Lẹ́yìn náà ni kí wọ́n wá ka fáànù tí wọ́n ṣì nílò, kí wọ́n sì ra páńẹ́ẹ̀lì tó lè gbé e.