Ibùdó Ni Ká Kọ́kọ́ Wá, Ká Tó Ka Ibùsọ̀

Ọ̀kan nínú ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ mi àtijọ́ kọ̀wé pé àwọn ọ̀dọ́ kan ní Okokomaiko fẹ́ fi àjẹ̀ tukọ̀ láti Àgbádárìgì wá sí Ọ̀jọ́. Ó ní, "Prof sà, ibùsọ̀ mélòó ló yẹ kí wọ́n máa rìn lóòjọ́?"

Ẹ jẹ́ ká tú ọ̀rọ̀ yẹn wò. Lóde òní, máìlì ni à ń pè ní ibùsọ̀. Ṣùgbọ́n inú "sọ̀" ló ti wá, èyí tí à ń lò tí a bá ń sọ ẹrù kalẹ̀. Ibi ìsinmi ni ibùsọ̀ kó tó di òǹkà. Ìbátan rẹ̀ ni ibùdó, ibi tí a dó sí, àti ibùsùn, ibi tí à ń sùn.

Nítorí náà, ibùdó ni kí wọ́n kọ́kọ́ wá: ilẹ̀ gíga tí omi ò ní kún bò lóru, tó sún mọ́ abúlé, tí baálẹ̀ sì ti yọ̀ǹda. Ajido wà lójú ọ̀nà.

Ìṣirò wá kàn. Ọ̀nà náà lé ní kìlómítà 30. Tí ọkọ̀ bá ń rin kìlómítà 4 ní wákàtí kan, wákàtí 7 ò ní tó, ká má tíì sọ ti atẹ́gùn tó kọjú síni àti omi tó ń fà sẹ́yìn. Kí wọ́n pín in sí ọjọ́ méjì. Kí wọ́n gúnlẹ̀ ní aago 4 ìrọ̀lẹ́, torí àjọ NIWA ti ka ìrìn òru lórí omi léèwọ̀. Kí oníkálukú wọ láìfù jákẹ́ẹ̀tì.

Tó bá rẹ̀ wọ́n, kí wọ́n sọ ẹrù kalẹ̀. Ibùsọ̀ tó kù ò ní sá lọ.