Ìwé Mímọ́ ní Èdè Erékùṣù Aneityum

Nínú Òkun Pàsífíìkì, ní ìpẹ̀kun gúúsù ilẹ̀ Vanuatu, ni erékùṣù kékeré kan wà tí àwọn Òyìnbó ń pè ní Aneityum. Òun ni ó kẹ́yìn níhà gúúsù nínú àwọn erékùṣù ilẹ̀ náà tí ènìyàn ń gbé. Òkè ni ó gba àárín rẹ̀. Ẹnu odò àti etí òkun ni àwọn ènìyàn tẹ̀dó sí, tí wọ́n ń gbin kókò, tí wọ́n sì ń pẹja. Èdè kan ni wọ́n ń sọ, Anejom̃ ni orúkọ rẹ̀, kò sì sí erékùṣù mìíràn tí ó ni ín ní èdè abínibí. Ní nǹkan bí ọdún 1850, àwọn tí ń sọ ọ́ kò ju bí 4,000 lọ. Síbẹ̀, odidi Bíbélì ti pé ní èdè yìí ní 1879, ọdún márùn-ún ṣáájú kí odidi Bíbélì tó jáde ní èdè Yorùbá ní 1884.

Èrò tí ó wọ́pọ̀ láàrin àwọn ọ̀mọ̀wé ni pé bí a bá ti kọ èdè kékeré sílẹ̀, a ti gbà á là. Ìtàn Aneityum fi hàn pé òtítọ́ wà nínú èrò yìí, ṣùgbọ́n pé kì í ṣe òun ni gbogbo òtítọ́.

Kì í ṣe Òyìnbó ni ó kọ́kọ́ mú ẹ̀sìn Kristi dé ibẹ̀. Ní 1841, Ẹgbẹ́ Míṣọ̀n ti Lọ́ńdọ̀nù fi àwọn olùkọ́ ọmọ Samoa sọ̀kalẹ̀ sí erékùṣù náà. Erékùṣù ni àwọn náà ti wá. Wọ́n mọ ọkọ̀ ojú omi, wọ́n mọ kókò, wọ́n sì mọ bí a ti í bá ìjòyè sọ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n èdè wọn kò yé àwọn onílẹ̀, ibà sì ń ṣe wọ́n gidigidi, nítorí pé kò sí ibà ẹ̀fọn ní ilẹ̀ tiwọn. Lẹ́yìn wọn ni àwọn oníṣòwò dé, tí wọ́n ń wá igi olóòórùn dídùn tí a ń pè ní sándálì, èyí tí àwọn ará Ṣáínà ń sun bí tùràrí. Ní 1844, James Paddon dá ibùdó òwò sílẹ̀ ní Inyeug, erékùṣù tíńtín tí ó wà ní ẹnu èbúté Anelgauhat. Ọ̀nà òkun kan náà ni ìwé, aṣọ, ìbọn àti àrùn gbà dé.

Ní 1848 ni John Geddie gúnlẹ̀ pẹ̀lú Charlotte aya rẹ̀. Ilẹ̀ Skọ́tíláǹdì ni a ti bí i ní 1815, ṣùgbọ́n Nova Scotia, ní ilẹ̀ Kánádà òde òní, ni ó dàgbà sí, ìjọ Presibitéríà ti ibẹ̀ ni ó sì rán an. Kí ó tó kúrò nílé ní 1846, ó ti kọ́ iṣẹ́ ìtẹ̀wé àti iṣẹ́ ilé kíkọ́. Ó dúró ní Samoa, ó sì gbọ́ èdè ibẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Nípa bẹ́ẹ̀ ni ó fi lè bá àwọn olùkọ́ tí ó bá ní Aneityum sọ̀rọ̀. Èdè Samoa ni afárá tí ó gùn dé inú Anejom̃. Ní 1852, John Inglis, ọmọ Skọ́tíláǹdì, wá tẹ̀dó sí ìhà àríwá erékùṣù náà, ní Aname, nígbà tí Geddie wà ní Anelgauhat níhà gúúsù.

Iṣẹ́ èdè tí ó dúró dè wọ́n kò kéré. Nínú gbólóhùn Anejom̃, ọ̀rọ̀ kékeré tí ń fi ìgbà hàn ni ó sábà máa ń ṣáájú. Ọ̀rọ̀-ìṣe tẹ̀ lé e. Ohun tí a ṣe nǹkan sí tẹ̀ lé ìyẹn. Ẹni tí ó ṣe é ni ó gbẹ̀yìn. Níbi tí Yorùbá ti ń wí pé ọkùnrin náà pa ejò, bí ìgbà tí a wí pé ‘pa ejò ọkùnrin náà’ ni tiwọn rí. Èyí tí ó tún le jù ni ọ̀rọ̀ arọ́pò-orúkọ. Ní Yorùbá, bí ẹnì kan bá wí pé ‘a lọ’, olùgbọ́ kò lè ti inú ọ̀rọ̀ náà nìkan mọ̀ bóyá òun wà lára àwọn tí ó lọ. Bí wọ́n jẹ́ méjì, bí wọ́n jẹ́ igba, ‘a’ náà ni. Ní Anejom̃, ọ̀tọ̀ ni ‘a’ ti ènìyàn méjì, ọ̀tọ̀ ni ti mẹ́ta, ọ̀tọ̀ ni ti ọ̀pọ̀. Ọ̀kọ̀ọ̀kan sì tún pín sí méjì, èyí tí ó kó olùgbọ́ mọ́ra àti èyí tí ó yọ ọ́ sílẹ̀. Mẹ́fà ni gbogbo rẹ̀.

Ẹni tí yóò túmọ̀ Ìwé Mímọ́ kò lè fojú fo èyí. Bí ìjọ bá ń pe Ọlọ́run ní Baba wọn nínú àdúrà, ‘wa’ tí ó yọ olùgbọ́ sílẹ̀ ni ó yẹ. Bí a bá lo èkejì, a ti sọ Ọlọ́run di ọmọ baba kan náà pẹ̀lú àwọn tí ń gbàdúrà. Nígbà tí ìjì dé, tí àwọn ọmọ-ẹ̀yìn jí Jésù nínú ọkọ̀ pé ikú dé, ǹjẹ́ wọ́n ka Jésù mọ́ àwọn tí ikú fẹ́ pa, tàbí wọn kò kà á mọ́ wọn? Èdè Gíríkì kò sọ ọ́. Anejom̃ kò gbà kí a dákẹ́. Ní irú ibi báyìí, ọmọ onílẹ̀ ni olùkọ́, Òyìnbó ni akẹ́kọ̀ọ́, nítorí pé onílẹ̀ nìkan ni ó mọ bí ọ̀rọ̀ náà yóò ti bọ́ sí etí ènìyàn.

Ilé-ẹ̀kọ́ kéékèèké tàn kálẹ̀ ní gbogbo ìletò, àgbà àti ọmọdé jọ ń kọ́ ìwé kíkà. Kí ọdún 1860 tó dé, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé gbogbo erékùṣù ni ó ti gba ẹ̀sìn tuntun. Àṣà fífún opó lọ́rùn pa kí ó lè bá ọkọ rẹ̀ lọ sí àjùlé ọ̀run dópin, kò sì sí ẹni tí yóò dárò rẹ̀. Ṣùgbọ́n ìsìn àwọn ẹ̀mí tí wọ́n ń pè ní natmas, pẹ̀lú àwọn òkúta mímọ́ rẹ̀, di ohun ìkọ̀sílẹ̀ pẹ̀lú, ọ̀pọ̀ ìmọ̀ àtayébáyé sì bá a lọ. Àwọn ọmọ Aneityum tìkára wọn di olùkọ́ ní Tanna, ní Futuna àti ní Erromango, gẹ́gẹ́ bí àwọn ọmọ Samoa ti ṣe fún wọn.

Ìwé kì í ṣe ọ̀fẹ́. Àwọn ará erékùṣù náà ni ó san owó ìtẹ̀ Bíbélì wọn, kì í ṣe ní wúrà tàbí fàdákà, bí kò ṣe ní ìyẹ̀fun gbòǹgbò kan tí a ń pè ní arọ́rúùtù. Wọn a wa gbòǹgbò náà, wọn a rin ín, wọn a fọ̀ ọ́ nínú omi, wọn a jẹ́ kí ó silẹ̀, wọn a sì sá a sí oòrùn, bí a ti í ṣe sitáàṣì ẹ̀gẹ́. Àwọn míṣọ́nnárì ń kó o ránṣẹ́ sí òkè òkun fún títà, owó rẹ̀ sì ń lọ fún ìtẹ̀wé. Inglis lọ sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì láti bójú tó iṣẹ́ náà, ọkùnrin Aneityum kan tí ń jẹ́ Williamu sì bá a lọ, kí etí onílẹ̀ má baà jìnnà sí ọ̀rọ̀ onílẹ̀. Májẹ̀mú Titun jáde ní Lọ́ńdọ̀nù ní 1863. Geddie kú ní Ọsirélíà ní 1872, kí iṣẹ́ Májẹ̀mú Láéláé tó parí. Ní 1879 ni ó pé.

Ní 1861, nígbà tí a ń múra Májẹ̀mú Titun sílẹ̀ ní ilẹ̀ òkèèrè, ọkọ̀ àwọn oníṣòwò kó èèyi wọ àwọn erékùṣù náà. Ara àwọn ènìyàn kò mọ àrùn yìí rí. Ó pa nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́ta àwọn ará Aneityum. Ní Erromango, àwọn kan gbà pé ẹ̀sìn tuntun ni ó fa ikú náà. Ní oṣù karùn-ún ọdún náà ni wọ́n pa George Gordon, òjíṣẹ́ Ọlọ́run, àti Ellen aya rẹ̀. Àwọn àrùn mìíràn tún tẹ̀ lé e. Ilé ìjọsìn olókùúta tí a kọ́ sí Anelgauhat lè gba nǹkan bí 1,000 ènìyàn. Àkókò dé tí gbogbo ará erékùṣù kò tó ènìyàn tí yóò kún un. Ní nǹkan bí 1940, wọn kò tó 200 mọ́. Ìwé pọ̀, òǹkàwé kò sí.

A gbé pátákó ìrántí Geddie sínú ilé ìjọsìn yìí. Ohun tí a kọ sí i ni pé nígbà tí ó dé ní 1848 kò sí Kristẹni kan ní erékùṣù náà, àti pé nígbà tí ó lọ ní 1872 kò ku kèfèrí kan. Iṣẹ́ Geddie tó bẹ́ẹ̀ ó jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n igi kan kì í dá igbó ṣe. Àwọn olùkọ́ ọmọ Samoa ti wà níbẹ̀ kí ó tó gúnlẹ̀, Kristẹni sì ni wọ́n. Pátákó náà kò dárúkọ wọn, kò dárúkọ Williamu, kò dárúkọ àwọn tí ó wa arọ́rúùtù, kò sì ka àwọn tí èèyi pa.

Síbẹ̀, Anejom̃ kò kú. Àwọn díẹ̀ tí ó kù ń sọ ọ́ fún ọmọ wọn, ọmọ sì ń sọ ọ́ fún ọmọ. Ìkànìyàn ọdún 2009 rí ohun tí ó lé ní 900 ènìyàn ní erékùṣù náà. Bislama, èdè tí ó pa gbogbo Vanuatu pọ̀, ti wọlé tọ̀ wọ́n, ṣùgbọ́n Anejom̃ ni èdè ilé. Inglis ti tẹ ìwé atúmọ̀ ọ̀rọ̀ Aneityum jáde ní 1882. Ní 2001, John Lynch àti Philip Tepahae, tí í ṣe ọmọ erékùṣù náà, tẹ tuntun jáde.

Ìwé ṣe ohun tí ìwé lè ṣe: ó pa ọ̀rọ̀ àwọn òkú mọ́, ó sì fi èdè kékeré sí ipò ọlá nínú ilé Ọlọ́run. Ṣùgbọ́n bí ìyá kò bá ti fi Anejom̃ rẹ ọmọ lẹ́kún ní ọdún tí àwọn ará erékùṣù kò tó 200, Bíbélì 1879 ì bá ti di ohun tí a ń fi hàn àlejò nínú àpótí gíláàsì. Ó yẹ kí àwọn tí èdè wọn ní ogunlọ́gọ̀ ìwé rántí èyí.